Ẹ Bèèrè, A Dáhùn: Chongqing, ìlú tí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan

Láti ìgbà tí fídíò ọkọ̀ ojú irin tó ń gba inú ilé kọjá ti ń kiri orí fóònù, lẹ́tà tó ń wọlé sí wa lórí ìlú Chongqing nílẹ̀ Ṣáínà kò dáwọ́ dúró. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ̀wé jẹ́ oníṣòwò tó ti mọ Guangzhou bí ẹní mowó, tí wọ́n wá fẹ́ fi ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin wo ibòmíràn kí wọ́n tó padà sílé. A mú mẹ́jọ nínú àwọn lẹ́tà náà. Kí ẹni tó bá ń lọ kọ́kọ́ mọ̀ pé orí òkè ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sí, níbi tí odò Yangtze àti odò Jialing ti pàdé, bí odò Ọya àti Bẹ́núé ṣe pàdé ní Lọ́kọ́ja. Ilẹ̀ títẹ́jú ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Ohun tó ń ya àlejò lẹ́nu àti ohun tó ń ṣì í lọ́nà, ibi kan náà ni wọ́n ti ń wá.

Ṣé lóòótọ́ ni ọkọ̀ ojú irin ń gba inú ilé kọjá, àbí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni? Bó bá jẹ́ òótọ́, báwo ni àwọn tó ń gbé inú ilé náà ṣe ń rí oorun sùn? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

Òótọ́ ni. Ibùdókọ̀ Liziba ni wọ́n ń pè é, lórí ojú irin tí wọ́n kọ Line 2 sí. Ilé alájà 19 ni, ọkọ̀ sì ń wọ inú rẹ̀ láti àjà kẹfà sí ìkẹjọ. Kì í ṣe pé wọ́n dá ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ lu. Wọ́n jọ kọ́ ilé àti ibùdókọ̀ pọ̀ ni. Òpó tó gbé ojú irin ró kò fara kan òpó tó gbé ilé ró, àlàfo wà láàárín wọn, ìyẹn ni gbígbọ̀n ọkọ̀ kì í fi í dé ara ògiri. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà kì í ṣe irin, rọ́bà ni, ó sì gun orí ìtì kọnkéré kan ṣoṣo bí ìgbà téèyàn gẹṣin. Ariwo rẹ̀ kò tó ti rélùwéè tí a mọ̀ rárá.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé àlejò á jókòó sínú ọkọ̀, á máa retí kí wọ́n gba inú ilé kọjá. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò lè rí ju ibùdókọ̀ lásán lọ. Ẹ sọ̀kalẹ̀ ní Liziba, kí ẹ tẹ̀lé àmì lọ sísàlẹ̀ pátápátá, títí dé etí títì, níbi tí wọ́n ti ṣe pèpéle fún àwọn tó ń wòran. Láti ibẹ̀ ni ẹ ó ti gbójú sókè rí i. Ọkọ̀ kì í pẹ́ dé, torí náà kò sí ìdí láti máa ti ara yín.

Bí ẹ bá ń ti àárín ìlú bọ̀, ẹ wọ ọkọ̀ ní Jiaochangkou tàbí Linjiangmen, kí ẹ jókòó sápá ọ̀tún. Odò Jialing ni ẹ ó máa wò lójú fèrèsé fún ibùdókọ̀ bíi mélòó kan. Ẹni tó bá lọ ní ìparí oṣù kejì sí oṣù kẹta, kó lọ dé Fotuguan, ibùdókọ̀ tó tẹ̀ lé Liziba. Òdòdó máa ń bo ẹ̀gbẹ́ òkè níbẹ̀, ọkọ̀ á sì máa la àárín rẹ̀ kọjá.

Guangzhou ni mo ti máa gbéra. Báwo ni mo ṣe máa dé Chongqing, ìgbà wo ló sì dára jù láti lọ? (Oníṣòwò aṣọ, Ìbàdàn)

Ọkọ̀ òfurufú kì í gbà ju wákàtí méjì àti díẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ojú irin asáré, àwọn tí orúkọ wọn fi G bẹ̀rẹ̀, ń lo bíi wákàtí 6 sí 8, ó kù sí ibi tí wọ́n bá ti dúró lójú ọ̀nà. Ti ojú irin la fọwọ́ sí, nítorí òkè àti ihò òkè ìpínlẹ̀ Guizhou tí ẹ ó gbà kọjá. Áàpù 12306 tí iléeṣẹ́ rélùwéè Ṣáínà ń lò ni kí ẹ ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní ẹ̀yà èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 15 ṣáájú ìrìnàjò sì ni títà máa ń bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù yín ni tíkẹ́ẹ̀tì náà, torí náà ẹ yẹ létà kọ̀ọ̀kan wò dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni orúkọ ibùdókọ̀. Chongqing ní ibùdókọ̀ ojú irin ńlá bíi mélòó kan, wọ́n sì jìnnà síra. Ẹ wo ìparí orúkọ: *bei* ni àríwá, *nan* ni gúúsù, *xi* ni ìwọ̀-oòrùn, *dong* ni ìlà-oòrùn. Chongqingxi kì í ṣe Chongqingbei. Chongqingbei fúnra rẹ̀ tún ní ojú méjì, gbàgede àríwá àti gbàgede gúúsù, ọkọ̀ tó bá gbéra lójú kan kò ṣeé wọ̀ lójú kejì. Bí ẹ bá ṣèèṣì dé òdìkejì, ẹ wọ Line 10, ó dúró ní ojú méjèèjì. Ẹ dé ibùdókọ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, nítorí wọ́n ń yẹ ẹrù wò, wọ́n sì máa ń ti ẹnu ọ̀nà kí ọkọ̀ tó gbéra.

Ní ti ìgbà: oṣù kẹta àti ìkẹrin, tàbí ìkẹwàá àti ìkọkànlá. Kí ọmọ Nàìjíríà má rò pé òun mọ oòrùn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ooru dé ìwọ̀n 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní Beibei, àdúgbò kan ní Chongqing, ọ̀rinrin odò sì máa ń dá kún un. Nígbà òtútù, kùrukùru lè bo ìlú débi pé ẹ kò ní rí òdìkejì odò. Ẹ sá fún May 1 àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ oṣù kẹwàá, ìgbà ọlidé ni, èrò á pọ̀ bí omi.

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sí Chongqing lọ́dún tó kọjá. Ó ní máàpù sọ pé òtẹ́ẹ̀lì òun kù mítà 80, síbẹ̀ òun rìn fún ogójì ìṣẹ́jú kí òun tó rí i. Kí ló fà á? (Ẹni tó ń múra ìrìnàjò, Abẹ́òkúta)

Àlejò lójú, kò fi ríran, ṣùgbọ́n ti Chongqing kọjá ti àlejò. Ojú ẹyẹ ni máàpù fi ń wo ìlú: ó mọ ọ̀tún, ó mọ òsì, kò mọ òkè yàtọ̀ sí ìsàlẹ̀. Mítà 80 náà lè jẹ́ òótọ́, kí òtẹ́ẹ̀lì wà lórí òkè tó ga tó ilé alájà 20, kí àtẹ̀gùn tó lọ síbẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé kẹta.

Ẹ wo Hongyadong, ilé onígi ńlá tó fara ti òkè létí odò Jialing, tí gbogbo ayé ń lọ yà fọ́tò rẹ̀ lálẹ́. Ilé alájà 11 ni. Bí ẹ bá gba títì etí odò wọlé, àjà kìíní lẹ wà. Bí ẹ bá wọ lífítì dé àjà 11, tí ẹ sì jáde, títì ni ẹ ó tún bá, Cangbai Lu, mọ́tò ń kọjá, àwọn èèyàn ń tajà. Nítòsí ibẹ̀ ni ilé gogoro kan tí wọ́n ń pè ní Kuixinglou wà. Ẹ ó dúró ní gbàgede kan, ẹ ó rò pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ wà, ẹ ó wá yọjú wo ìsàlẹ̀ lórí afárá, ẹ ó rí i pé orí àjà 22 lẹ dúró sí. Ní irú ìlú báyìí, "ilẹ̀ẹ́lẹ̀" kì í ṣe ibì kan. Ìdí nìyí tí àwọn ará ìlú fi ń pe apá kan àárín ìlú ní ààbọ̀ òkè, *shang ban cheng*, tí wọ́n sì ń pe èkejì ní ààbọ̀ ìsàlẹ̀, *xia ban cheng*.

Nítorí náà, kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ bi òtẹ́ẹ̀lì yín ní ìbéèrè mẹ́rin, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi lẹ́tà Ṣáínà dáhùn. Títì wo ni ẹnu ọ̀nà wọn kọjú sí? Ṣé ti òkè ni tàbí ti ìsàlẹ̀? Àjà kelòó ni wọ́n ti ń gba àlejò? (Ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì ló jẹ́ pé àjà kan nínú ilé gogoro ni wọ́n háyà.) Ẹnu ọ̀nà abájáde kelòó ni kí ẹ gbà ní ibùdókọ̀ rélùwéè inú ìlú? Ìkẹrin yìí ló ṣe pàtàkì jù. Bí ẹ bá gba nọ́ńbà tí kì í ṣe tiyín jáde, ó lè gbà yín ní ọgọ́rùn-ún àtẹ̀gùn láti tún un ṣe.

Ẹ má lo Google Maps níbẹ̀. Wọ́n ti dí i, àti pé máàpù ilẹ̀ Ṣáínà ń lo òṣùwọ̀n tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tó ń mú kí máàpù ilẹ̀ òkèèrè fi yín sí ibi tí ẹ kò sí. Amap ni kí ẹ gbé sórí fóònù, òun náà ní ẹ̀yà Gẹ̀ẹ́sì. Bó bá ní kí ẹ rìn, ẹ fẹ ojú ọ̀nà náà tóbi kí ẹ wo ibi tí àmì àtẹ̀gùn tàbí lífítì wà. Bí ẹ bá pe takisí, ẹ má kàn kọ "Hongyadong" sílẹ̀. Ẹ yan Cangbai Lu bó bá jẹ́ òkè lẹ wà. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, dírẹ́bà á dúró dè yín lábẹ́ ẹsẹ̀ yín gan-an, ọ̀pọ̀ mítà sísàlẹ̀, kò sì ní lè gòkè wá.

Mo fẹ́ mú màmá mi dání. Ẹni ọdún 67 ni wọ́n, orúnkún sì ń dùn wọ́n. Ṣé kí n jáwọ́ ni? (Nọ́ọ̀sì, Peckham, Lọ́ńdọ̀nù)

Ẹ má jáwọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi sísọ̀kalẹ̀ ṣe ìlànà. Ẹ fi mọ́tò gbé màmá dé ibi tó ga jù, kí ẹ wá máa bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú lífítì. Orúnkún tó ń dunni kì í fẹ́ àtẹ̀gùn bíbọ̀ wálẹ̀ pàápàá, torí náà lífítì ni kí ẹ máa wá, kì í ṣe àtẹ̀gùn kúkurú.

Ìlú náà ti pèsè rẹ̀. Lífítì Kaixuan Lu, tó so ààbọ̀ òkè mọ́ ààbọ̀ ìsàlẹ̀, yuan kan ni owó rẹ̀. Ní Lianglukou, àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ kan wà tó gùn ní mítà 112, yuan méjì ni. Ó ga débi pé kí màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú, kí wọ́n má wo ẹ̀yìn. Láti sọdá odò Yangtze, ọkọ̀ orí wáyà wà láti ọdún 1987, tó gùn ní mítà 1,166. Yuan 20 ni àlọ, 30 ni àlọ àti àbọ̀. Èrò máa ń tò gan-an lápá àárín ìlú, ní Xiaoshizi. Ẹ kọ́kọ́ wọ rélùwéè lọ sí òdìkejì, ní Shangxinjie, kí ẹ ti ibẹ̀ wọ̀ ọ́ padà. Ìlà ibẹ̀ sábà máa ń kúrú.

Ohun tó yẹ kí ẹ yẹra fún ni pípààrọ̀ ọkọ̀ ní àwọn ibùdókọ̀ tó jìn sínú ilẹ̀. Hongyancun lórí Line 9 jìn ní mítà 116. Àtẹ̀gùn tó ń rìn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìdúró lórí rẹ̀ nìkan ti tó àárẹ̀ fún àgbà. Ní ti ẹrù, bí ẹ bá rí ọkùnrin tó gbé ọ̀pá ọparun àti okùn lé èjìká, *bangbang* ni, àwọn aláàárù ìlú náà. Iye wọn ti ń dín kù. Ẹ fẹnu kò lórí iye owó kí ó tó gbé e, ẹ san án pé, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń ṣe lórí àtẹ̀gùn wọ̀nyẹn. Bàtà màmá kò gbọdọ̀ yọ̀ nísàlẹ̀: òjò òru wọ́pọ̀ níbẹ̀, òkúta àtẹ̀gùn á sì máa dán ní àárọ̀.

Ata kì í bà mí lẹ́rù. Ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ nípa ọbẹ̀ Chongqing? (Alásè, Èkó)

Ata kọ́ ni ìṣòro. *Huoguo* ni oúnjẹ náà: ìkòkò kan tó ń hó láàárín tábìlì, ọ̀rá màlúù, ata gbígbẹ púpọ̀, àti èso kékeré kan tí wọ́n ń pè ní *huajiao*. Ata ń jóni, huajiao ń mú ẹnu kú. Ẹni tó bá ti fi orín àtà rún ẹnu rí mọ̀ ọ́n: bó ṣe ń ta ahọ́n, tí ètè á máa gbọ̀n bí ẹni pé kì í ṣe tèèyàn mọ́. Ẹbí kan náà ni igi huajiao àti igi àtà tiwa. Nígbà tí ẹnu bá ti kú, ẹ kò ní mọ iye ata tí ẹ ti jẹ, ikùn ni yóò sọ fún yín lọ́jọ́ kejì. Ibi tí akíkanjú ti ń ṣubú nìyẹn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú *weila*, ìwọ̀n tó kéré jù. Ní Chongqing, weila pàápàá ṣì ń ta. Tàbí kí ẹ béèrè *yuanyang*, ìkòkò tí wọ́n là sí méjì, apá kan pupa, apá kejì omi ẹran funfun. Ìkòkò àtijọ́ máa ń ní irin tó pín in sí ihò mẹ́sàn-án. Ihò àárín ló ń hó jù, fún ohun tó ń tètè jinná. Mẹ́rin tó wà ní igun ni iná wọn rọ̀ jù, fún ohun tó ń pẹ́.

Ṣàkì ni ọba rẹ̀, irú èyí tó ní ewé-ewé bí ojú ìwé. Wọn kì í jù ú sínú ìkòkò. Ẹ fi ọ̀pá ìjẹun mú un pinpin, ẹ rì í bọ ihò àárín, ẹ gbé e sókè, ẹ tún rì í. Wọ́n ní kó gòkè lẹ́ẹ̀méje, kó sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ, bíi ìṣẹ́jú àáyá 15. Etí rẹ̀ á ká, á máa ró kàù lẹ́nu. Bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ó di rọ́bà. Ẹni tó fẹ́ràn ṣàkì sísè fún wákàtí méjì gbọ́dọ̀ gbàgbé ìyẹn lọ́jọ́ yẹn. Ìfun pẹ́pẹ́yẹ náà kì í pẹ́: bó bá ti lọ́ pọ̀, ẹ mú un. Ọ̀dùnkún òyìnbó ni kí ẹ gbàgbé sí igun.

Àwo kékeré tó wà níwájú yín, òróró yànmọ̀tí àti aáyù lílọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ẹ ti ohun tí ẹ bá yọ bọ inú rẹ̀ kí ẹ tó jẹ ẹ́. Òróró náà ń mú kí oúnjẹ tutù, ó sì ń fa ata kúrò, nítorí oró ata kì í yòrò nínú omi, inú ọ̀rá ló ti ń yòrò. Ìdí kan náà ni omi tútù kì í fi í ran ẹnu tó ń jó lọ́wọ́. Ẹ mu mílíìkì sóyà. Ẹ má mu omi pupa inú ìkòkò, àwọn onílùú pàápàá kì í mu ún, ẹ má sì gé èso huajiao jẹ.

Mùsùlùmí ni mí. Ṣé màá rí oúnjẹ jẹ? (Alhaja kan, Ìlọrin)

Ẹ ó rí i, ṣùgbọ́n ẹ kò gbọdọ̀ fi ojú lásán wọ ilé oúnjẹ. Ọ̀rá màlúù inú huoguo, kì í ṣe màlúù tí wọ́n pa ní ìlànà ẹ̀sìn, bí kò bá jẹ́ pé ilé oúnjẹ Mùsùlùmí ni. *Xiaomian*, núdù tí gbogbo ìlú ń jẹ láàárọ̀, jọ ohun tí kò léwu, ṣùgbọ́n ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sábà máa ń wà nínú èròjà rẹ̀. Ẹ wá lẹ́tà méjì yìí lára pátákó: 清真, *qingzhen* ni wọ́n ń kà á, ohun tó bá ìlànà Islam mu. Àwọ̀ ewé ló sábà máa ń jẹ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni ilé núdù Lanzhou, tí àwọn Mùsùlùmí ilẹ̀ Ṣáínà ń ṣe. Ẹ ó máa rí wọn bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ fa ìyẹ̀fun pípò lójú yín títí yóò fi di okùn tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ ya fọ́tò lẹ́tà méjì náà sórí fóònù kí ẹ lè máa fi han èèyàn. Kí ẹ kàn sọ pé ẹ kò fẹ́ ẹlẹ́dẹ̀ kò tó, torí ọ̀rá kì í hàn sójú.

Wọ́n ní owó kì í ṣiṣẹ́ níbẹ̀ mọ́, fóònù nìkan ni. Kí ni kí n ṣe sílẹ̀? (Akọ̀wé ilé-ìfowópamọ́, Òṣogbo)

Òfin kò jẹ́ kí wọ́n kọ owó ìwé, ṣùgbọ́n ọlọ́jà lè má ní ṣéńjì. Ẹ mú yuan 10 àti 20 dání. Áàpù Alipay tàbí WeChat ni kí ẹ fi máa sanwó, kí ẹ sì so káàdì mọ́ ọn *kí ẹ tó kúrò ní Nàìjíríà*, nítorí ilé-ìfowópamọ́ máa fi nọ́ńbà ìdánilójú ránṣẹ́ sí líìnì yín, ó sì lè má dé tí ẹ bá ti sọdá. Káàdì tó ti ara àkántì dọ́là wá ló dájú ju ti náírà lọ. Bí ohun tí ẹ rà bá kọjá yuan 200, wọ́n máa yọ ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ lè pín ohun tí ẹ ń rà sí méjì bí ọlọ́jà bá gbà.

WhatsApp, Facebook àti Google kì í ṣí lórí Wi-Fi òtẹ́ẹ̀lì. Lórí SIM ilẹ̀ òkèèrè tó ń ṣe roaming, wọ́n máa ń ṣí, torí pé ọ̀nà ilé ni ìsọfúnni náà ń gbà. Sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn kì í gba ẹsẹ̀ mẹ́ta onígun tiwa, ẹ ra èyí tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ láàárín. Bí ẹ bá máa wọ ọkọ̀ òfurufú láàárín Ṣáínà, power bank tí kò ní àmì 3C, àmì ààbò ohun èlò ilẹ̀ Ṣáínà, kò ní wọlé láti oṣù kẹfà 2025. Wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ni. Káàdì yẹ́lò fífà náà kò gbọdọ̀ gbélé.

Pásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà ni mò ń lò, ti Nàìjíríà ni ọkọ mi ń lò. Ṣé a nílò físà? (Houston, Texas)

Ọkọ yín nílò rẹ̀, kódà bó bá ní green card. Orílẹ̀-èdè tó fún un ní pásípọ́ọ̀tù ni wọ́n ń wò, Nàìjíríà kò sì sí lára orílẹ̀-èdè 55 tí Ṣáínà gbà láyè láti kọjá láìsí físà. Amẹ́ríkà wà níbẹ̀. Láti oṣù Kejìlá 2024, ẹ lè lo wákàtí 240, Chongqing sì wà lára àwọn ìlú tí ẹ lè gbà wọlé. Ṣùgbọ́n ìkọjá ni, kì í ṣe àbẹ̀wò: ibi tí ẹ ti wá àti ibi tí ẹ ń lọ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Los Angeles sí Chongqing, padà sí Los Angeles, wọ́n á dá yín dúró ní káńtà ọkọ̀ òfurufú kí ẹ tó gbéra. Los Angeles sí Chongqing, sí Bangkok tàbí Hong Kong, ó kọjá. Láti agogo 12 òru tí ọjọ́ tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ẹ wọlé bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń ka wákàtí náà. Ẹ tẹ tíkẹ́ẹ̀tì tó ń gbé yín kúrò sórí ìwé, òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.